Lẹ́tà Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Pamọ́

Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀, tí ẹ sì ń padà délé kí oòrùn tó mú, ẹ ní kí n sọ bí a ṣe jà fún un. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nípàdé.

Olùkọ́ ni mí ní Pobè nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ibùdó abẹ́rẹ́ kan wà lábúlé kan láàrin Pobè àti Sakété. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ dókítà ibẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn ìyá á ti Towé àti Ita-Djèbou rìn wá, wọn á tò sínú oòrùn. Dókítà á dé lọ́sàn-án, á sì máa bú wọn. Mo múra ọ̀rọ̀ ńlá tí n ó fi gbé ìlú dìde. Mo ń kà á lọ́wọ́ nípàdé nígbà tí Ṣàfúrátù, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Sakété, nawọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo apá àwọn ọmọ náà?"

"Kí ni n ó máa wo apá fún?"

"Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá jẹ́, ojú ibẹ̀ á wú kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, á sì yọ èépá. Mo ti ń lọ láti ilé dé ilé. Apá wọn ń dán jọ̀lọ̀. Inú oòrùn, lórí tábìlì, ni dókítà ń gbé oògùn sí. Oògùn náà ti kú."

Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ ńlá mi mọ́.

Mo jowú rẹ̀. Èmi ni mo ní ìwé ẹ̀rí. Òun kò mọ̀ ju lẹ́tà Lárúbáwá tó fi kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni àwọn obìnrin ń tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ń kí mi, ojú wọn á máa wá a lẹ́yìn mi. Mo tilẹ̀ kórìíra ẹ̀rín rẹ̀. Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi gan-an rù.

Ìpàdé ọjọ́ yẹn ní kí n fi èdè Faransé kọ̀wé sí ọ̀gá ìjọba ní Pobè, tí a ṣì ń pè ní kọmandáǹ. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Nígbà tí Ṣàfúrátù béèrè, mo ní, "Kọmandáǹ kò tíì fèsì." Ọjọ́ abẹ́rẹ́ méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgbóná wọlé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kékeré kan tó gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì yẹn, kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbọ́, mo yọ lẹ́tà náà nínú àpótí. Àwọn obìnrin fẹsẹ̀ rìn dé Pobè, a kún iwájú ilé iṣẹ́ kọmandáǹ.

"Ta ló rán yín wá?" ni kọmandáǹ bi wá.

Mo lanu. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ṣàfúrátù ti gbé ọmọ kan sókè, ó ká aṣọ kúrò léjìká ọmọ náà, ó sì fi èdè Gun tí kọmandáǹ gbọ́ dá a lóhùn: "Apá yìí ló rán wa."

Ẹ gbọ́ ìtìjú mi: níṣojú àwọn ìyá tó ń sunkún, mo tún jowú gbólóhùn yẹn.

Kọmandáǹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó bu ọwọ́ lù ú, ó sì nà án sí Ṣàfúrátù pé kó gbé e lọ fún dókítà.

A ṣẹ́gun. Oògùn ń ti Porto-Novo wá nínú àpótí yìnyín, a sì ń gba abẹ́rẹ́ ní kùtùkùtù lábẹ́ àtíbàbà. Dókítà kọ́ bí a ti ń pe obìnrin ní ìyá. Lọ́jọ́ keje, àwọn obìnrin a lọ wo apá; èyí tí kò bá wú, a tún un gbà. Èmi tí mo kọ lẹ́tà ni gbogbo ìlú yìn.

Nígbà tí irun mi funfun, mo lọ bá Ṣàfúrátù ní Sakété, mo jẹ́wọ́. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ wà lórí lẹ́tà tí kọmandáǹ nà sí mi: ọjọ́ ìpàdé gan-an. Ọmọ oníṣòwò kì í ṣi nọ́ńbà kà."

"Kí ló dé tí o kò tú àṣírí mi?"

"Ta ni ì bá bá wa kọ òmíràn?" Ó wá gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti sọ fún Àbẹ̀kẹ́?"

Àbẹ̀kẹ́ ti di ìyá ọlọ́mọ ní Towé. Lọ́dọọdún ló ń fi iṣu tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó ní mo jà fún àwọn. N kò tíì sọ fún un. Mo sì ń jẹ iṣu náà.