Owú Lórí Àga Mariyah

Àdíját, télọ̀ kan ní Lafiaji, kì í fẹ́ rí Taslimah, ìyàwó tuntun ọkọ rẹ̀ àtijọ́, sójú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Taslimah wá fi mọ́tò gbé Mariyah, ọmọ Àdíját, lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí. Ó gbé e sórí àga ọmọdé lẹ́yìn mọ́tò, ó sì gbé bẹ́líìtì àga náà sókè díẹ̀.

"Ìyá Mariyah, ẹ wò ó, èjìká rẹ̀ ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Owú gbóná láyà Àdíját. Òun tó ń rán gbogbo aṣọ ọmọ náà, obìnrin mìíràn ló kọ́kọ́ rí i pé ó ti ga! Ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n Mariyah jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sún díẹ̀," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì le. "Jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń dè é."