Màmá Yàrá Kejì àti Tábílẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà, Àǹtí Ó-tì-o lẹ ń wá yẹn. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló fún un, torí pé kí èèyàn tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ parí, á ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ó tì o!" Sọ fún un pé kó fi omi tútù wẹ arúgbó torí iná ti lọ: ó tì o. Sọ fún un pé kó jí ẹni tó ń sùn torí oúnjẹ ti délẹ̀: ó tì o. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Bó bá gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ẹni náà lè máà mọ̀ pé wọ́n gbé òun.

Kò lọ kọ́ iṣẹ́ náà níbì kankan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ́jú, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ wá ń fi fóònù kí i bí ẹni ń kí ará ọ̀nà jíjìn. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ kú, gbogbo wọn ló wá sunkún, wọ́n sunkún débi pé ohùn wọn há. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tó kù lọ́wọ́ Àǹtí ni pé ó mọ arúgbó í tọ́jú. Bó ṣe gbaṣẹ́ nílé náà nìyẹn.

Ilé náà ò tóbi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, tábìlì àwọn olùtọ́jú sì wà níwájú lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ọ̀gá tó ni ín fẹ́ kí gbogbo nǹkan dọ́gba. Ọ̀dà kan náà ló fi kun gbogbo yàrá, bẹ́ẹ̀dì kan náà, kọ́tìnnì kan náà, aṣọ ìbora aláwọ̀ búlúù kan náà. Kódà ó ra ìborí funfun fún gbogbo àwọn màmá ibẹ̀ kí wọ́n máa wé e sùn. Ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbi tí ojú ti là.

Yàrá Kìíní àti Yàrá Kejì ló wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn yàrá àwọn méjì tí wọn ò lè dá dìde. Màmá Oníbúrẹ́dì, tó ti ṣe búrẹ́dì títí apá fi kọ̀, ló wà ní Yàrá Kìíní. Màmá Tíṣà ló wà ní Yàrá Kejì. Ìṣirò ni Màmá Tíṣà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì tíì jáwọ́. Bí Àǹtí bá gbé oògùn dé, á ní, "Aláriwo, méje lọ́nà mẹ́jọ?" Bí Àǹtí bá ṣì í, á ní kó padà sí ilẹ̀kùn kó tún wọlé. Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín. Bí ẹlòmíràn bá gbé oògùn yẹn dé, Màmá Tíṣà kì í la ẹnu. Ọwọ́ Àǹtí nìkan ló ti ń gbà á.

Tẹ́lẹ̀, olùtọ́jú méjì ló máa ń wà nídìí iṣẹ́ bí àwọn arúgbó bá ń sinmi lọ́sàn-án. Ọ̀kan á wà nídìí tábìlì níwájú, ìkejì á gbé àga sáàárín yàrá méjì yẹn. Agogo kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Bí màmá kan bá mì í, ẹni tó wà lórí àga á dìde. Kí ló burú nínú èyí? Ẹ bá mi wò ó, kí ló burú?

Ọ̀gá lọ síbi ìpàdé kan, ó sì gbé tábílẹ́ẹ̀tì bọ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ yẹn, ó gbé e mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní, "Ẹ wá wo ìgbàlódé! Eléyìí nìkan tó kọ̀ǹpútà márùn-ún." Ó ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà fi kámẹ́rà há igun yàrá méjèèjì lókè pátápátá. Ó gbé mọ́nítọ̀ ńlá méjì kalẹ̀ sórí tábìlì iwájú, ó ki wáyà kékeré kan tó lẹ́nu púpọ̀ bọ ìdí tábílẹ́ẹ̀tì, ó wá so mọ́nítọ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Wọ́n tàn yòò. Bẹ́ẹ̀dì hàn níbí, bẹ́ẹ̀dì hàn lọ́hùn-ún, àwòrán lásán, kò sí ohùn. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó lẹ bébà mọ́ orí wọn: YÀRÁ KÌÍNÍ, YÀRÁ KEJÌ.

"Wọ́n tàn àbí wọn ò tàn?" Ẹnjiníà bi wá.

"Wọ́n tàn."

"Ó parí."

Ó parí lóòótọ́, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá ní kí ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa lọ sílé. Ó tún kó àwọn agogo kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ariwo wọn kò yẹ ilé tó ní ẹ̀rọ.

"Ó tì o!" Àǹtí pariwo. "Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ ò lè gbé arúgbó dìde."

"Ta ló ní kó gbé e? Ẹ̀rọ á wò ó, ìwọ á gbé e. Àbí kí lo tún fẹ́?"

Àǹtí jókòó sídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun nìkan, ó sì ranjú mọ́ mọ́nítọ̀ méjèèjì. Ó ranjú mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán pàápàá gbé ojú òun kúrò níbẹ̀. Àwọn màmá méjèèjì á fi aṣọ búlúù bora dé etí, wọ́n á kọjú sógiri, ìborí funfun nìkan lèèyàn á máa rí. Ohun tó wá ń pa á lẹ́rìn-ín ni pé bí Màmá Oníbúrẹ́dì bá yíra padà, Màmá Tíṣà náà á yíra padà. Bí ìyá yìí bá họ orí, ìyá yẹn náà á họ ọ́.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbejì ọ̀sán! Àwọn arúgbó tó bá ti gbé pọ̀ pẹ́, èémí wọn á dọ́gba ni."

"Kò sírọ́ ńbẹ̀," Àǹtí dáhùn, ó sì juwọ́ sí mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. "Màmá Tíṣà, ẹ kú ìsinmi o."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ dáadáa ni. Àwọn àgbà ti jẹun, wọ́n ti pa ilẹ̀kùn yàrá dé, ilé pa rọ́rọ́. Àǹtí jókòó sáyè rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wọ́n sùn fọnfọn, àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìsinmi parí, ó bu omi, ó lọ sí Yàrá Kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Tíṣà wà nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kan há sábẹ́ ara, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

"Yéè! Màmá! Kí ló dé?"

Màmá Tíṣà wò ó. Ó wò ó dáadáa, ó wá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí gbé e dìde, ó gbé omi sí i lẹ́nu, ìyá náà pa ẹnu dé. Dókítà dé, ó ní egungun ọrùn ọwọ́ ti dá, ó di báńdéèjì mọ́ ọn. Dókítà bi í bó ṣe pẹ́ tó nílẹ̀. Màmá ní ó pẹ́. Ó ní òun pè títí ohùn òun fi tán, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn. Kò wo ọ̀dọ̀ Àǹtí nígbà tó ń sọ ọ́. Ní alẹ́, ẹlòmíràn ló wá fún un lóògùn, ó sì la ẹnu gbà á. Ìyẹn ló wọ Àǹtí léegun ju ohunkóhun lọ.

Ọ̀gá ò tiẹ̀ bi í léèrè. "Oorun lò ń sùn," ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ̀rọ wà níwájú ẹ. Kí lò ń wò?"

"Mo ń wò wọ́n, Ọ̀gá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Mo fi ojú ara mi rí wọn."

"Irọ́ ni! Ẹni tó wà nílẹ̀ lo rí lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Obìnrin tó ti ń sọ pé ó tì o láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí wá mú un ṣiyèméjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá oorun gbé òun lọ lóòótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọlúàbí di ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́!

Ọjọ́ kejì ni ọmọ Màmá Tíṣà dé, obìnrin kan tó ń tàwé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti sunkún wá láti ọ̀nà. Ó bọ́ sọ́dọ̀ Àǹtí. "Ẹ̀yin ni màmá mi ń ròyìn yín fún mi ní gbogbo ìgbà! Wọ́n ní àwọn ń pè yín, ẹ ò dìde. Kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ yín?"

Ọ̀gá fà á lọ sídìí tábìlì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ẹ jókòó, ẹ fojú ara yín rí bí ẹ̀rọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Èèyàn ló níṣòro." Ó wá kọjú sí Àǹtí. "Ìwọ, lọ gbé Màmá Oníbúrẹ́dì jókòó, àsìkò oògùn wọn ti tó."

Àǹtí lọ. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n bó ṣe dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà, ó rọra. Ó ká aṣọ ìbora, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀. Ibi tó ti ń gbé e jókòó ló ti gbọ́ igbe láti iwájú.

"Àǹtí! Àǹtí, yàrá wo lẹ wà?"

Ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Yàrá Kìíní ni!"

"Mo rí yín ní Yàrá Kejì! Ẹ wà níbí, ẹ tún wà níbí!" Ọmọ Màmá Tíṣà ti dìde dúró, ó ń na ìka sí mọ́nítọ̀ méjèèjì. "Níbo ni báńdéèjì màmá mi wà? Ọwọ́ ẹni tó wà níbí yìí pé méjèèjì. Màmá mi kọ́ nìyí!"

Ẹ rò ó wò. Kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn rí nígbà tí olùtọ́jú wà nínú yàrá, torí pé wọ́n ti lé ìkejì lọ. Bí Àǹtí bá wà níwájú, yàrá á dá wà. Bí Àǹtí bá wọ yàrá, iwájú á dá wà. Ta ni ì bá rí i?

Wọ́n pe Ẹnjiníà. Ó yọ́ wọlé, ó ń fọwọ́ ra ọrùn. "Ṣẹ́ ẹ rí i, tábílẹ́ẹ̀tì yìí, àwòrán kan ló lè rán jáde. Iye mọ́nítọ̀ tó wù kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn á máa fi hàn. Kámẹ́rà Yàrá Kìíní ni mo sì ṣí."

"O mọ̀?" Àǹtí bi í. "O mọ̀, o wá kọ Yàrá Kejì sórí ẹ̀?"

"Ọ̀gá ló ní kó ṣáà ti tàn."

Kó ṣáà ti tàn! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ èèyàn. Arúgbó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní agogo, kò ní ẹni, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni kó ṣáà ti tàn.

Ọ̀gá gbá Àǹtí lápá mú, ó wọ́ ọ lọ sílé ìdáná. Ó rẹ ohùn nílẹ̀. "Gbọ́, sọ fún wọn pé àná ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n á ti ilé yìí pa, níbo lo máa lọ? Èmi náà á dárí oorun yẹn jì ẹ́."

"Ẹ dárí kí ni jì mí?"

"Má pariwo."

Àǹtí fa apá rẹ̀ yọ, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí Yàrá Kejì. Ó mọ̀ dájú pé òun ò níṣẹ́ mìíràn, kò sì sẹ́ni tí òun lè sá tọ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé e kíákíá. Ọmọ Màmá Tíṣà ti jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ìyá náà sì kọjú sógiri.

"Ọ̀gá, láti ìgbà wo?" ni ọmọ náà bi í.

"Àná ni," Ọ̀gá dáhùn. "Àná ló ṣàdédé…"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni," Àǹtí wí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹnikẹ́ni ò wò yín lọ́sàn-án láti ọjọ́ náà. Mo jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń kí yín, mo ń bá yín ṣàwàdà. Màmá Oníbúrẹ́dì ni mo ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n sọ pé àná ni. Kì í ṣe àná."

"Kó ẹrù ẹ," Ọ̀gá sọ. "Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi nísinsìnyí."

"Màá kó o. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn lómi ná."

Ó bu omi sínú ife. Màmá Tíṣà rọra yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo Àǹtí.

"O ò gbọ́ mi?"

"Mi ò gbọ́ yín, Màmá."

Omi bọ́ lójú ìyá náà. "Mo rò pé o gbọ́ ni," ó wí, ó sì la ẹnu.