Kọ́kọ́rọ́ Tí Fulgencio Yí

Ogún ọdún gbáko ni Fulgencio Areco fi ṣiṣẹ́ ní àgbàlá iná ìlú Takuarusu. Kì í gun òpó, kì í fa wáyà. Ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àgbàlá yẹn, àwọn ọ̀pá irin gbọọrọ kan wà lókè tí wáyà ńlá mẹ́fà so mọ́. Iná tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, orí ọ̀pá náà ló ń já sí. Èyí tó ń lọ sí ọsibítù, sí ilé iṣẹ́ ṣúgà, sí ilé olúkúlùkù, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ. Ẹ̀rọ Fulgencio ń ṣírò èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Bí wọ́n bá dọ́gba, àlàáfíà ni. Bí wọn ò bá dọ́gba, iná ti yà síbi tí kò yẹ nìyẹn, ẹ̀rọ á sì gé wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Fulgencio. Eusebio Cabañas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú irin inú àgbàlá àti àwọn tánńganran tí kì í jẹ́ kí wáyà kan irin, ni kì í dákẹ́. Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọn á máa mu tereré, omi ewé tútù, nínú ìwo kan náà.

"Fulgencio, ẹ̀rọ rẹ yìí jọ ìyá ìyàwó mi," Eusebio á wí. "Ó ń ṣọ́ ẹni tó wọlé, ó ń ṣọ́ ẹni tó jáde, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

"Ìyá ìyàwó rẹ mọ̀ ẹ́ dáadáa ni."

Lóṣù January ọdún kan, Fulgencio yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó tú wáyà kékeré kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rí iná ojú ọ̀nà kan, ó sì gbàgbé láti dè é le padà. Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn mú, tí gbogbo ilé tan fáànù, iná tó ń jáde gba ojú ọ̀nà yẹn pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ò sì rí i. Lójú tirẹ̀, iná ń sọnù. Ó gé gbogbo rẹ̀. Wákàtí méjì ni ìlú fi wà láìní iná. Ní ọsibítù, tọ́ọ̀ṣì ni dókítà fi parí iṣẹ́ abẹ tó ń ṣe lọ́wọ́.

Ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Zarza, dé pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀rọ burúkú ni. Pa á, títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é."

Fulgencio mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó yí i, ẹ̀rọ dákẹ́, iná sì ń lọ láìsí ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, ó de wáyà rẹ̀ le, kò sọ fún ẹnì kan. Kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tan ẹ̀rọ padà, nítorí wọn á bi í pé kí ló ti yí padà. Ìtìjú lásán ni. Oṣù méje kọjá.

"Ẹ̀rọ rẹ ṣì ń sùn?" Eusebio bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá ò tíì ní kí n jí i."

"Ọ̀gá! Bó bá jẹ́ ilé rẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pá yìí, ì bá ti jí i."

Lóṣù August, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi, Eusebio lọ wo tánńganran kan tó ti sán. Ó ṣì dúró nísàlẹ̀, tó ń wòkè, nígbà tí tánńganran náà là, tí wáyà orí rẹ̀ já bọ́ sára irin. Iná bú jáde bí ìgbà tí oòrùn bá já wálẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wà lójúfò, ìṣẹ́jú akàn ni ì bá fi gé e. Àwọn ẹ̀rọ ìlú mìíràn ló wá gé e láti òkèèrè, àwọn yẹn sì ní láti kọ́kọ́ dúró wò bóyá ti àgbàlá náà á gé e. Kò ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Èémí kan yẹn tó fún iná láti jó Eusebio. Lọ́jọ́ kẹta, Eusebio kú ní ọsibítù kan ní Asunción, olú ìlú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní àwọn olùwádìí ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́. Zarza pe Fulgencio sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Eusebio náà máa ń mú kọ́kọ́rọ́ yẹn, àbí? Òkú ò ní ìtìjú mọ́, Fulgencio. Ìwọ ṣì ní ọmọ nílé."

Fulgencio fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé Deolinda, ìyàwó Eusebio, ló gbà lọ. Ó bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, látorí wáyà títí dórí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ wà ní pípa?"

"Ó mọ̀, Ìyáàfin Deolinda. Kò mọ ìdí rẹ̀."

"Ó sì ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Kò séwu, Fulgencio wà níbẹ̀.'"

Fulgencio na ọwọ́ sí àga.

"Ẹ má jókòó nílé mi lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Fulgencio. Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi."

Ó lọ sọ ọ́ fún àwọn olùwádìí. Wọ́n bi í pé ta ló ní kó pa ẹ̀rọ. "Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò mọ ohun tí mo mọ̀." Wọ́n yọ Zarza nípò. Wọ́n yọ òun náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó fi oṣù kan kọ́ Nimia, ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò fún un, kó tó fi ìdè wáyà kan hàn án. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ò lè pa ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Fulgencio wá ń tún fáànù àti rédíò ṣe nílé. Odidi ọdún kan, bí Deolinda bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á wojú ibòmíràn. Òun náà ò dá a dúró rí.

Nígbà tí ọdún Eusebio yí po, wọ́n gba àdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fulgencio dúró sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, fìlà lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Deolinda náà bojú wẹ̀yìn, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí àga, ó sún díẹ̀ wọnú.

Fulgencio rìn lọ síwájú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.