Ìdajì Oògùn Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi sínú fúláàsì oníyìnyín, tí mo gbé e lé itan láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìbàdàn, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án. Pólì Ọ̀wọ̀ ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ sì ń mú mi yangàn. Wárápá ló ń ṣe ìyá mi. Pẹ̀lú gbogbo oògùn tó ń lò, ó tún ṣubú sínú iná ìdáná ní Upenmen, ìlú wa lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, apá rẹ̀ jó. Dókítà fẹ́ sọ oògùn náà di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ó ní ká kọ́kọ́ mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí bó bá pọ̀ jù, ó lè pa á. Mo búra pé ìyá mi kì í fo ọjọ́ kan. Èmi fúnra mi ni mo ń ka hóró inú ìgò.

Máṣíìnì méjì tí wọ́n so mọ́ra ni mo bá ní Ìbàdàn. Ọ̀gá tó ń lò wọ́n ṣàlàyé pé èkíní ń ya ohun inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ku èlùbọ́. Èkejì ń fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wẹ́wẹ́, ó ń wọ̀n ọ́n, títí yóò fi dá oògùn mọ̀. Ẹnu mi ò padé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí ni kálàmù ara máṣíìnì náà ń ya ìròyìn rẹ̀ sórí ìwé yìí! Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn pé mo wà láyé rí i.

Ọ̀gá náà ní ìdajì ohun tó yẹ ni òun rí. Mo ní irọ́ ni, mo mọ ìyá mi. Kò bínú, ó tún un ṣe. Ìdajì náà ni.

Ó ní, “Máṣíìnì yìí ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni.”

Tìbínú-tìbínú ni mo fi padà sí Upenmen. Ìyá mi ní kí n jókòó. Ó ní ọmọbìnrin aládùúgbò wa náà ń ṣubú bíi tòun, ìyá rẹ̀ sì ń fi àìsàn náà pamọ́, kí ọkọ má baà sá fún un. Ìyá mi wá ń fi eyín gé hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó ń fún ọmọ náà ní ìdajì. Èmi ń ka hóró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Èmi ti lọ́kọ, mo ti bímọ,” ló wí. “Òun ńkọ́?”

Mo sọ fún dókítà. Ó fún ọmọ náà ní ìgò tirẹ̀ láìpariwo, ìyá mi ò sì ṣubú sínú iná mọ́.

Irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ ti kéré débi pé orí tábìlì ló ń wà báyìí, èmi náà sì ti di ẹni tó ń lò ó. Bí oògùn aláìsàn kan bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a ní ó ń purọ́. Èmi a jókòó tì í, màá rọra bi í léèrè pé, “Ta lẹ ń bá pín in?”