Ọwọ́ Mi Tó Pẹ́ Lórí Tábìlì

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí kì í fọwọ́ kan aláìsàn, kò sì sí ẹni tó fura. Ní ilé ìwòsàn wa ní Òkìtìpupa, rósítà ni mò ń kọ, lẹ́tà ni mò ń fèsì, ìpàdé ni mò ń lọ sí Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá wá pè mí ní wọ́ọ̀dù pé iṣan aláìsàn kan ṣòro láti rí, màá rọra lọ, màá káwọ́ sẹ́yìn, màá ní kí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ṣe é fúnra wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ni wọ́n bá ń yìn mí káàkiri pé olùkọ́ rere ni mí, pé mi ò kì í já iṣẹ́ gbà mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Èmi tí àyà mi ń já bí mo bá rí abẹ́rẹ́ lásán!

Ẹ̀rù náà kò dé lójijì. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, bí mo bá tilẹ̀ dijú, màá rí iṣan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì, inú mi sì dùn, mo ra kọ́tìnì sí i. Kò pẹ́, wọ́n kó kánnúlà tuntun dé, ìyẹn ike tín-ín-rín tí à ń tì bọ iṣan kí omi lè máa wọ ara aláìsàn. Ó yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀. Ó yẹ kí n béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó, àmọ́ mo rò pé ọ̀gá kì í béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Nígbà tó yá, àwọn nọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í jápa lọ sókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, ni àṣẹ bá jáde pé kí gbogbo àwa ará ọ́fíìsì máa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń yọ̀, wọ́n ní àwọn máa wá fojú ara àwọn rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra ọsàn mẹ́wàá. Ara ọsàn ni wọ́n ti kọ́ wa ní abẹ́rẹ́ gbígún nílé ẹ̀kọ́, mi ò sì mọ ibòmíì tí mo lè padà sí. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́rí, mo fa omi mímu sínú abẹ́rẹ́ tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọsàn mẹ́ta ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí eyín ń dùn. Ni akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì, bàbá Èkìtì kan, bá kanlẹ̀kùn. Mo yára kó abẹ́rẹ́ pamọ́, mo gbàgbé ọsàn sórí tábìlì. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fáìlì ló mú ọ̀kan, ó yọ ọ̀bẹ, ó bó o. Bó ṣe fẹnu kàn án, omi tú jáde lójú ihò gbogbo, ó rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbindin. Ó fi sùúrù mu ún tán. Ó ní ọsàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí lómi lóòótọ́, àmọ́ kò ládùn kankan, pé kí n wá mu tàwọn ní Èkìtì. Bó ṣe jáde, mo dorí kọ tábìlì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́bọ̀ pé. Síìpù aṣọ iṣẹ́ mi dé àárín ẹ̀yìn, ó kọ̀ láti gòkè, mo bá wọ súwẹ́tà lé e nínú ooru. Lọ́sàn-án, ọ̀kadà gbé ìyá àgbà kan dé láti Iyansan, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í mú lẹ́yìn. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Dókítà wà nídìí iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì tó kéré jù nínú wa wá iṣan lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ti lanu láti sọ pé kí wọ́n tún gbìyànjú, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì kékeré náà ní, "Ma, èyí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́. Ìyá yìí ń lọ."

Òótọ́ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ọdún mẹ́jọ rèé tí mi ò ti ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí."

Nọ́ọ̀sì náà dáhùn jẹ́jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ìyá tí a rò pé kò gbọ́ nǹkan kan lajú díẹ̀. Ó ní, "Ọma mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀rù ń bà. Èmi tí abẹ́rẹ́ ń bọ̀ wá bá ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ọwọ́ mi sì rọ̀. Mo ní kí nọ́ọ̀sì náà fi bí kánnúlà ṣe ń ṣí hàn mí. Mo so rọ́bà mọ́ apá ìyá, mo dijú, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí nǹkan kan fi ta padà sí mi lábẹ́ awọ. Ìgbà àkọ́kọ́, mo tàsé. Mo bẹ ìyá. Ìgbà kejì, ẹ̀jẹ̀ yọ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo sáré wọ yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo jó níbẹ̀ títí síìpù fi já pátápátá.

Nígbà tí ìyá ti ń béèrè ẹ̀kọ mímu, nọ́ọ̀sì kékeré náà tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, àmọ́ òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń bi ẹni tí nǹkan kan kì í bà lẹ́rù. Ayọ̀ tó kún inú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń káwọ́ sẹ́yìn, ṣé ohun tí mo ń kọ́ wọn nìyẹn?

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò tíì lè nìkan gbẹ̀bí, pé bó bá ti ku díẹ̀ kí orí ọmọ yọ lòun máa ń dọ́gbọ́n lọ gbé omi gbígbóná. Mo fa àga fún un, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látibi tí ẹ̀rù ti ń bà á.