Ewúro Tí Ìyá Dúpẹ́ Ò Jẹ́ Ká Já

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kọjá ní Ìkìrun ni òórùn dídùn òdòdó ewúro gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé ewúro máa ń yọ òdòdó, torí kó tó ga la ti máa ń já a sọ́bẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní praimárì ní Inísà, Ìyá Dúpẹ́, télọ̀ tó háyà yàrá kan nínú ilé wa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ewúro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, igi náà á funfun báláú, oyin á sì bò ó, wọ́n á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lókèèrè. Ìyá Dúpẹ́ á dúró sáàárín wọn, ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Oyin kan ò ta á rí.

Ìyẹn la ṣe ń fura sí i. Màámi ní n ò gbọdọ̀ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oyin wá ta ọmọ Ìyá Ràṣídá, obìnrin tó ń ta gààrí níwájú ilé, tí ojú ọmọ wú bí búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ ní Ìyá Dúpẹ́ ló rán wọn.

Èmi ni mo lọ ṣọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo rí i tó ṣí ìkòkò ńlá kan lẹ́yìn ilé ìdáná, tí oyin ń wọnú rẹ̀. Mi ò dúró wo inú rẹ̀. Mo sáré lọ bá Bàbá Àgbà, olórí ilé wa.

"Bàbá, ó ní ìkòkò kan! Inú ẹ̀ làwọn oyin ń wọ̀!"

Bàbá Àgbà kó àwọn ará ilé jọ, wọ́n gé ewúro, wọ́n fọ́ ìkòkò. Afárá oyin lásán ló wà níbẹ̀, oyin ń kán tótó lára rẹ̀. Ká tó lanu, kòkòrò ti bò wá. Bàbá Àgbà fi fìlà wọn sílẹ̀, wọ́n sá wọlé.

Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló dúró. "Ẹ ò bi mí. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mo bá sọ, ẹ ó fi iná sun wọ́n. Òdòdó yẹn ni wọ́n ń jẹ."

Àwọn oyin náà ṣí lọ, a ò rí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ Ìyá Dúpẹ́. Kí oṣù tó parí, ó kó lọ sí Òkukù. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi ewé di díẹ̀ fún mi lára afárá tó ṣà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ lo sọ fún wọn, àbí?"

"Rárá, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò. Mo ju afárá náà sínú igbó. Mo ṣì ń fura.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń sin oyin nínú àpótí lọ́nà Ìbà, wọ́n ń tà á nínú ike, a sì ń rà á láìbẹ̀rù. Ìyẹn ti yí padà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan kó wá sí òdìkejì ilé mi, ó máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń ṣọ́ ọ.