Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ AC Wa

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀tà níbí, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan AC ojú fèrèsé yàrá wa rí. Ìyàwó mi ni kò gbà. Tòkúnbọ̀ la rà á. Ó dúró ti ẹni tó bá wa gbé e sójú fèrèsé, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, láti ọjọ́ náà ni AC ti di tirẹ̀. Tó bá rí mi nítòsí ẹ̀, á ní, "Bàbá wọn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ yín yẹn, ọwọ́ fákítírì ni."

Nígbà tí ọmọbìnrin wa bímọ sí Kánádà, ìyàwó mi lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí, àbúrò ẹ̀ náà sì ti dé. Èmi nìkan ṣoṣo ló kù sínú ilé wa ní Ilo-Awela. Mi ò ní purọ́, àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an. Èyí tó tún wá ń bí mi nínú ni pé a kì í rí ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù.

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ẹ lo oògùn yín?"

"Mo lò ó."

Ó parí. Ọmọ á ké, á ní òun máa padà pè mí, ó di ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru ń mú bí nǹkan míì, AC kọ̀, kò mú yàrá tutù mọ́. Yìnyín bo irin inú ẹ̀. Mo pe oníṣẹ́ AC kan láti Ṣàngó Toll Gate. Kò tíì ṣí i wò tó ti ní gáàsì ló tán. Inú bí mi, mo pe ìyàwó mi pé kó wá gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń sọ.

"Gáàsì wo?" Ó pariwo débi pé ọkùnrin náà gbọ́ ọ. "Ṣé ẹ ti fọ fílítà ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ?"

Mo yí ojú kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́ AC náà.

"Háà! Bàbá wọn! Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń fọ̀ ọ́!"

Mo ní kí ọkùnrin náà máa lọ ilé ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n pa AC, kí n yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri, kí n ṣí iwájú ẹ̀, kí n fa fílítà, àwọ̀n tó ń gba eruku, jáde. Eruku ọyẹ́ ọdún méjì ti dì mọ́ ọn bí aṣọ òtútù. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sábẹ́ ìbòòji. Ó ń wò mí nínú fídíò, ó ń bú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán tí mo tan AC, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi láyà. Ó ju wákàtí kan lọ tí a lò. Mi ò rántí ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní AC ń kán omi sínú yàrá. Irọ́ ni. Ó ní kí n wò ó bóyá ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju iwájú lọ, kí omi lè gba ìta jáde. Mo ní mò ń wò ó. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí. Nígbà tó yá, mo ní ó ń gbọ̀n, mo tún ní ó ń rùn. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa! Kí n tó pe ìyàwó mi, màá kọ́kọ́ pa AC, màá wá jókòó sínú ooru, òógùn á bò mí, torí kí obìnrin kan lè pẹ́ lórí fóònù. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, wọ́n ti mú iná lọ kí n tó pè é, mo wá gbàgbé pé mi ò pa AC. Ibi tí mo ti ń sọ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò tàn mọ́ ni iná dé. Ṣe ni AC bú sí ariwo lẹ́yìn mi.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"AC ni."

"Èyí tí kò tàn?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Kò sóhun tó ṣe é láti ọjọ́ tí a ti fọ̀ ọ́. Àárò rẹ ló ń sọ mí. Mi ò mọ nǹkan tí mo tún lè sọ tí o ò fi ní gbé fóònù sílẹ̀."

Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Bàbá wọn, èmi ni mo dúró ti ẹni tó kan igi sábẹ́ iwájú AC yẹn kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè rẹlẹ̀. Kò lè kán omi sínú ilé. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"O mọ̀, o wá ń wò mí níran?"

"Ṣé mo gbé fóònù sílẹ̀ ni?"

Ọmọ ké lẹ́yìn ẹ̀, kò lọ. Mo wá bi í nígbà wo ló ń bọ̀ nílé.

"Ẹ bá mi fọ fílítà yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà sí i. Tẹ́ ẹ bá fọ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, mo ti dé."

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì, oṣù mẹ́ta nìyẹn. Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún fọ̀ ọ́.